Ìwé Tó Kọ́ Káfíńtà ní Ìrìn

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Ó-Gún-Régé, nítorí pé bó bá ti kan ìṣó ìkẹyìn mọ́ àga, á fọwọ́ pa á lórí, á ní, "Ó gún régé." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe iṣẹ́ káfíńtà láìfi ọjọ́ kan sinmi. Àfi àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, níbi tó ti ń fá pákó lọ́wọ́, tí apá òsì rẹ̀ kú, tí ẹsẹ̀ òsì náà tẹ̀lé e. Dókítà ní àrùn rọpárọsẹ̀ ni.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, apá ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń wá bá a na ẹsẹ̀ a máa sọ fún un pé kó ṣáà gbé e, kó máa lọ. Ó-Gún-Régé ní ìyẹn ò yàtọ̀ sí kéèyàn sọ fún ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ pé kó ṣáà máa wẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, dá a lóhùn pé ẹnì kan ò tíì rì sórí ilẹ̀ gbígbẹ rí.

Àbíkẹ́yìn wọn, obìnrin, ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe kátúùnù. Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀; ó gbà pé ẹ̀rọ ló ń dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Nígbà tí ọmọ náà padà wá ń gbé nílé, tó ń tibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, kó lè ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó kó ìwé ńláńlá méjì dání. Àyè ò sí níbòmíràn, ló bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oorun ò kun bàbá, ó ṣí ọ̀kan. Ìwé náà ń kọ́ni bí a ṣe ń ya àwòrán tí yóò rìn. Wọ́n ya ọkùnrin kan nígbà mẹ́tàlá, láti ìgbà tí gìgísẹ̀ kan kanlẹ̀ títí èkejì fi kanlẹ̀, wọ́n sì fi ọfà kéékèèké tọ́ka sí ibi tí ìwúwo ara wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Káfíńtà kúkú mọ ìwúwo. Ó rí i pé ìdí ọkùnrin náà ti yẹ̀ sápá ọ̀tún kí ẹsẹ̀ òsì tó kúrò nílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un rí.

Bí ọmọ rẹ̀ ṣe ti ibi iṣẹ́ dé, ó bi í pé, "Ṣé pé èèyàn kàn ń ṣubú síwájú ni, tó wá ń fi ẹsẹ̀ hán ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá mi. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa."

"Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mo ti ń ṣubú, tí n ò mọ̀."

Ọmọ náà ya àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ní ńláńlá, ó sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní títẹ̀léra. Bàbá á di ògiri mú, á dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á ṣe bó ti ṣe. Níwájú ìkeje, ó ṣubú, ó farapa léjìká. Inú bí i, ó fa àwòrán náà ya, kò sì dìde lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ò bá a jà. Ó ṣa àjákù bébà náà, ó fi ẹ̀rọ ìránṣọ rán an pọ̀, ó sì lẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀.

Ó ní, "Tẹ́ ẹ bá tún fà á ya, màá fi bọ́tìnnì sí i."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dìde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló gbà á kó tó kọjá ìkẹtàlá, tòun ti ọ̀pá.

Ìgbà yẹn ló wá ráyè ka ìwé kejì, èyí tó sọ ìtàn iṣẹ́ náà. Ó kà nípa àwọn tó fọwọ́ ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún bébà nítorí eré ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú fọ́tò kan, wọ́n jókòó sídìí tábìlì tó rí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó ní gíláàsì lójú àti iná lábẹ́. Ẹlòmíràn á máa wo àwọn òṣìṣẹ́ náà. Òun ń wo bí wọ́n ṣe so igi pọ̀. Ó ti ń rí ọmọ rẹ̀ tó ń tẹ̀ ba sórí tábìlì ìjẹun, tó ń di ọrùn mú. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọwọ́ òsì ò yá, nítorí náà tábìlì tí ì bá fi ọjọ́ mẹ́ta kàn gba oṣù kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ rẹ̀ tan iná abẹ́ gíláàsì, tó gbé bébà méjì léra, tó rí ìlà tìsàlẹ̀ kedere, ó fa àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yàwòrán lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ọmọ náà níbi iṣẹ́ wá wo tábìlì náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, olùkọ́ iléèwé àwòrán kan ti ní kí bàbá kan mẹ́fà fún àwọn.

Bí ẹni tó wá gba tábìlì bá bi í léèrè ìwé tó yẹ kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ní kó kọ́kọ́ ka èyí tó ń kọ́ni ní ìrìn, kó má sì fo ìtàn, torí ibẹ̀ lèèyàn á ti rí i pé àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń tiro díẹ̀. Ìwé kẹta ló ń kà báyìí, èyí tó dá lórí bí ẹranko ṣe ń sáré. Ó ní ẹṣin le, ẹsẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe kékeré. Ìyàwó rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó má dán ìyẹn wò nínú ilé òun.