Orúkọ Látìnì Ewùrà

Ẹ má bá mi wí o, mo mọ orúkọ Látìnì àwọn ewéko dáadáa. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní báyọ́lọ́jì nílùú Ṣakí, ohun tí mò ń sọ fáwọn ọmọ ni pé kì í ṣe ọfọ̀, ẹ yé sá fún un. Ó ń júwe nǹkan ni. Ilá ń jẹ́ esculentus torí pé ó ṣeé jẹ. Atalẹ̀ ń jẹ́ officinale torí pé àwọn olóògùn ayé àtijọ́ kì í jẹ́ kó wọ́n nílé iṣẹ́ wọn. Kí ló wá le níbẹ̀?

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sílé bàbá mi ní Ìgbòho, mo dá ọgbà sẹ́yìnkùlé, mo sì ri pátákó kékeré tí mo kọ orúkọ Látìnì sí mọ́ ìdí ewéko kọ̀ọ̀kan. Bàbá ló ń bá mi ro ó. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, àmọ́ tí wọn ò bá fọwọ́ kan ilẹ̀ lóòjọ́, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn.

Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi ọkùnrin dé láti Ìsẹ́yìn, ó gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Bàbá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ò ríran mọ́. Ẹ máa fa iṣu tu pé koríko ni."

 Bàbá kàn jókòó ti ebè, ọwọ́ wọn ń wá nǹkan tí wọ́n máa dì mú. Ó dùn mí wọra. Ohun tó burú jù ni pé èmi náà gbà pé òótọ́ ló sọ.

Ọwọ́ wọn ba ìtàkùn kan. "Ewùrà yìí ti ń wá ọ̀pá tó máa gùn."

Mo ní, "Iṣu ni, Bàbá. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: rotundata."

"Kọ ohun tó wù ọ́. Ewùrà ni."

Wọ́n fa ọwọ́ mi lé ìtàkùn náà. Iṣu gidi a máa lẹ́gùn-ún nídìí. Èyí kò ní. Etí pẹlẹbẹ mẹ́rin ló yọ lára rẹ̀ látòkè délẹ̀, bí ìṣẹ́tí aṣọ. Orí mi wú. Alata! Orúkọ ewùrà gan-an nìyẹn: abìyẹ́. Wàláhì, mo ti kọ ọ́ sójú pátákó kíláàsì láìmọye ìgbà, n kò sì fọwọ́ kan ìyẹ́ yẹn rí.

Mo ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Òyìnbó tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó fọwọ́ kàn án."

Mo yọ pátákó mi dànù. Mo bi àbúrò mi pé nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni kò ríran.  Mo gba ọkọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́.