Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún Àwọn Olówó Díẹ̀

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣòro láti ṣàlàyé fún ará ilé. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá èèyàn fi owó dókòwò ló gbà á pé kó máa yan ìwé tí àwọn oníbàárà wọn yóò máa kà nípa owó. Ìyá wa gbọ́ ọ títí, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ lórí ìyẹn?"

Àwọn oníbàárà náà kì í ṣe olówó rẹpẹtẹ. Olówó díẹ̀ ni wọ́n: owó wọn ò tó ra bàálù, ó sì ti pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kì bọ abẹ́ tìmùtìmù kó sì rí oorun sùn. Irú wọn ló nira jù. Olówó gidi á ní òun ò mọ̀, kí wọ́n ṣàlàyé. Tálákà náà á béèrè. Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, àbí? Olówó díẹ̀ ní tiẹ̀, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó ṣìnà ju kí wọ́n rí i níbi tó ti ń béèrè.

Wọ́n á wọ yàrá ìkàwé ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n á mú ìwé tó nípọn jù, wọ́n á gbé e lé itan, wọ́n á wá máa wo fóònù. Dókítà eyín kan sùn lórí tirẹ̀ títí itọ́ fi kán sí i. Èyí tí ì bá ṣe wọ́n lóore, ìwé pẹlẹbẹ kan báyìí, wọn ò jẹ́ fọwọ́ kàn án, torí "Fún Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀" wà gàdàgbà níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yọjú. Ó ní, "Mádàámú, àwọn èèyàn yìí ò kàwé o. Bí wọn ò bá kà á lóṣù yìí, ibi tí wọ́n á ti máa mu tíì ni màá sọ yàrá yìí dà. Ìwọ náà á sì máa lọ sílé."

Iṣẹ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń tọ́ ọmọ méjì. Ó ra bébà aláwọ̀ ilẹ̀, ó fi bo gbogbo ẹ̀dà ìwé pẹlẹbẹ náà, ó wá kọ ọ́ sí wọn lára pé: "Kì Í Ṣe fún Gbogbo Èèyàn."

Háà! Ẹ wá wo ìjà. Dókítà eyín fi ìgbọ̀nwọ́ ti àgbà lọ́yà kan sẹ́yìn kó lè mú tiẹ̀. Mo lọ fojú ara mi rí i: ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan fóònù, ètè dókítà sì ń mì bíi ti ọmọ iléèwé. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbọ́n mi yangàn ládùúgbò.

Àfi bí dókítà ṣe dìde lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó gba yàrá ọ̀gá lọ.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, owó iṣẹ́ tí ẹ ń yọ nínú owó mi lọ́dọọdún yìí, ṣé ẹ tún ń yọ ọ́ lọ́dún tí mo bá pàdánù?"

Ikọ́ gba ọ̀gá lẹ́nu. "Ẹ jókòó ná, Dókítà."

"Mi ò jókòó."

Àwọn yòókù ti tò sẹ́yìn rẹ̀, kálukú pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó gbogbo ìwé sínú páálí, wọ́n sì ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa lọ. Títí dòní, inú ọ̀gá yẹn ṣì ń bí mi. Ẹ̀gbọ́n mi lọ bá a, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ ní kí wọ́n kàwé, wọ́n sì kà á. Kí wá ni mo ṣe?"

Ọ̀gá nu òógùn ojú. "Kíkà ni mo ní kí wọ́n kà á. Ta ló ní kó yé wọn?"