Ọ̀dà Nídìí Báàfù Ìye

Òórùn ọ̀dà ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó borí òórùn èéfín ẹ̀gẹ́ púpurú tí wọ́n ń yan nílé kejì. Mo bá bàbá mi lẹ́yìnkùlé, ó ń ro ọ̀dà nínú agolo lórí iná. Ọ̀dà dúdú tó máa ń sun láti inú ilẹ̀ lápá Òde-Ìrèlè ni. Ó gun ọ̀kadà lọ bù ú wá.

Torí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìye, ló ṣe ń ṣe wàhálà yìí. Láti ìgbà tó ti ṣubú lórí ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti jẹ́ kó gbádùn. Báàfù ńlá tó wà nílé ìwẹ̀ wa, tí ènìyàn lè nà sí nínú omi gbígbóná, òun nìkan ló ń fún un ní ìsinmi. Bó bá ti wọ inú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ara á sì tu gbogbo wa. Àfi bí ilẹ̀ ṣe rì lábẹ́ báàfù lọ́jọ́ kan, tí ìdí rẹ̀ sán. Kò sí irú rẹ̀ lọ́jà Òkìtìpupa nígbà náà. Láti ọjọ́ yẹn, igbe Ìye la fi ń jí.

Bàbá mi kì í pe oníṣẹ́. "Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe," ló máa ń wí. Etí odò ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń dí ọkọ̀ ojú omi tó ń jò: wọ́n á ki òwú sójú ibi tó sán, wọ́n á da ọ̀dà lé e. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún báàfù. Nígbà tó gbẹ, ó pọn omi tútù sí i, a jókòó tì í. Ẹ̀kán kan kò jò.

"Ẹ wá tukọ̀, ká máa lọ sí èbúté Ìgbòkọ̀dá," ni Ìye wí láti orí ibùsùn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Lọ́sàn-án, a se omi, a gbé Ìye sínú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Kò pẹ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Omi odò kì í gbóná. Bàbá mi kò ro ìyẹn mọ́ ọn. Ọ̀dà ti yọ́, ó ti lẹ̀ mọ́ Ìye lẹ́yìn. Bàbá mi ń fi kẹrosíìnì nù ún, kẹrosíìnì náà ń ta á lára, bàbá mi kò sì gbójú sókè.

"Bàbá Ọlá, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ni Ìye wí. "Ó ti rẹ̀ mí." Lẹ́yìn náà ló rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ọlá, ọma mi, jáde."

Ọ̀dọ̀ mi ni Ìye wà báyìí. Mo ti ra báàfù tuntun sílé ìwẹ̀ mi, àmọ́ ó ti pẹ́ jù: orúnkún rẹ̀ kò ká mọ́, a kò lè gbé e wọ inú rẹ̀. Nígbà èwe mi, mo rò pé ká ní bàbá mi mọ iṣẹ́ náà dáadáa ni, Ìye ì bá bọ́ lọ́wọ́ ìrora. Mo ti dàgbà tó bàbá mi ìgbà yẹn, mo mọ̀ jù ú lọ, mi ò sì rí nǹkan kan ṣe.

Ìjẹta, ọmọ mi bi mí pé, "Dádì, ṣé ẹsẹ̀ Màmá Àgbà á san?"

Mo ní á san. Ó gbà mí gbọ́, ó sì jáde lọ ṣeré.