Orúkọ Mọ́mì Òkè

"Ibí ni kó ti jáde!" Mọ́mì Òkè tẹ ọwọ́ wọn mọ́ mi níkùn, wọ́n ní kí n tún orin náà kọ. Àlùbọ́sà ń dún ṣììṣì nínú bọ́tà lórí sítóòfù, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Mo lanu, mo fi gbogbo agbára ké e. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀fun nìyẹn! Ṣé ọ̀fun ni mo ní kó o lò?"

Òyìnbó ará Sweden ni wọ́n, ọkọ wọn ti kú. Fúláàtì tó wà lókè tiwa ní Thamesmead, nílùú ọba, ni wọ́n ń gbé, ìdí nìyẹn tá a fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Ta ló máa pe àgbà lórúkọ nílé wa? Ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú á kọ́kọ́ fọ́ ẹ létí ná. Tí ìyá mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń wà.

Olórin ńlá ni wọ́n nígbà ọmọge wọn. Tí ìgbà ooru bá dé, wọ́n á máa kọrin láti ìlú dé ìlú, àwọn èèyàn á sì máa jó níta gbangba, lábẹ́ igi. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ atukọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Woolwich, wọ́n bá a wá síbí, orin mìíràn sì gbòde lọ́hùn-ún. "Wọ́n ṣì máa wá mi wá," wọ́n á ní. "Ohùn mi wà níbẹ̀ digbí." Ìyá mi á ṣe àmín. Tá a bá délé, á ní, "Ó mà ṣe o. Ta ló máa rántí wọn?"

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọkùnrin òyìnbó kan wá kan ilẹ̀kùn wa, ó dárúkọ obìnrin kan. Ìyá mi ń kánjú lọ síbi iṣẹ́. "Sọ́rì o, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ níbí." Ọkùnrin náà dúpẹ́, ó yí padà. Ìgbà yẹn ni mo rí rẹ́kọ́ọ̀dù tó wà lábíyá rẹ̀. Ọmọge tó wà lára páálí rẹ̀ fi ọwọ́ lé ikùn, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Mọ́mì Òkè nìyẹn!"

"Hẹ̀ẹ́?" Ìyá mi já síta tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan. "Ọ̀gá! Ọ̀gá, ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́ o!" Ẹnu ibùdókọ̀ ló ti bá a.

Nígbà tí ọkùnrin yẹn dárúkọ wọn lẹ́nu ọ̀nà wọn lókè, Mọ́mì Òkè di férémù ilẹ̀kùn mú, omijé ń dà. Ọkùnrin náà ní àwọn fẹ́ kó àwọn olórin àtijọ́ jọ sórí ìtàgé kan, pé ṣé wọ́n ṣì lè kọrin. Wọ́n nu ojú, wọ́n dáhùn pé, "Jókòó, kó o gbọ́."

Nígbà tí wọ́n ti ibi eré náà dé, ìyá mi bi wọ́n pé báwo ló ṣe lọ. "Àwọn èèyàn ò jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ lórí ìtàgé!" Inú mi dùn débi pé mo ń fò sókè.

Síbẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já tí mo bá rántí bí ọkùnrin yẹn ṣe yí padà. A fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n torí pé a ò mọ orúkọ wọn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ohun tí wọ́n ń retí lọ. Àwọn àgbàlagbà ni mò ń tọ́jú báyìí tí mo ti dàgbà, ní ilé ìtọ́jú kan nítòsí Plumstead Common. Mọ́mì àti Dádì ni mò ń pe gbogbo wọn, mi ò lè yíwà padà. Ṣùgbọ́n kí n tó bèèrè oògùn tí wọ́n ń lò, mo máa ń bi wọ́n pé, "Nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè yín?" Ó máa ń pẹ́ kí àwọn mìíràn tó dáhùn. Mo máa ń dúró.