Ọdún Tí Mo Mú Wọn Dúró De Iṣu

Ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí. Ó ń gbọ̀n gìrìgìrì lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó wa kúrò ní Plateau, láàárín ìlú Ṣábẹ̀, lọ sí oko Ofè, kòtò yòówù tí ọkọ̀ bá sì kó sí, ńṣe ni kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ náà á yí fúnra rẹ̀ bí ẹni pé mo ṣì jókòó tì í. Mo di dígí ńlá tí àwọn oníbàárà mi fi ń wo ara wọn mọ́ àyà. Mo wọ bàtà gíga, mo kun ètè. Ẹni tó bá rí mi lọ́jọ́ náà á rò pé ilé ọkọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sìn mí lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n lé mi jáde nílé ọkọ ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ará Plateau rí i pé mi ò sunkún. Àmọ́ ọ̀sán gangan ni, oòrùn mú, gbogbo wọn ti wọlé sùn, kò sí ẹni tó rí mi àfi àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló lé mi. Òun ni àkọ́bí ilé wọn, ọkọ mi ni àbíkẹ́yìn. Nínú àwọn tó wà láàárín, àwọn kan ti kú, àwọn tó kù ti di ará Kútọnu. Ìyá ni gbogbo wa ń pè é. Kì í pariwo mọ́ ènìyàn rárá, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń ba tẹni jẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé ni mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi ṣíyàwó. Èmi ni mo kùn ún, èmi ni mo sọ ọ́ di ibi tí àwọn obìnrin ń wá bí ọdún bá ń bọ̀. Nígbà tí ọmọ Ìyá gba diplọ́mù irun ṣíṣe ní Kútọnu, tó ní òun ń padà bọ̀ wálé, ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá rántí pé ilẹ̀ bàbá àwọn ní Ofè ti ń di igbó. Ìbátan wọn kan ló ń dá a tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin náà kú, ìyàwó rẹ̀ sì padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ìyá pe èmi àti ọkọ mi sí ìloro, ó ní àfi ká lọ máa gbé ibẹ̀, kí ẹlòmíì má baà gba ilẹ̀ náà.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ṣọ́ọ̀bù ta ni? Ìyàwó, o kì í ṣe ọmọ ilé yìí. Ẹyọ ọmọ kan o ò tíì bí sínú rẹ̀. Ọmọ ilé ló ni ilé.”

Mo yíjú sí ọkọ mi. Bíríkìlà ni, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ ìdajì àwọn ilé tó wà ládùúgbò yẹn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò. Ó ní, “Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bá sọ náà ni.” Mi ò tíì mọ èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn. Bàbá mi jẹ́ olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Pọ́bẹ̀, ó sì kọ́ mi láti kékeré pé ènìyàn kì í dá àgbà lóhùn. Nítorí náà, inú mi ni mo ti dá Ìyá lóhùn. Mo ní, ẹ ó fi ẹsẹ̀ ara yín wá sẹ́nu ọ̀nà mi, ẹ ó fi ẹnu ara yín bẹ̀ mí, mo máa wà láyé, ojú mi á sì rí i. Ohun tí ẹnu mi sọ síta ni, “Ẹ ṣeun, Ìyá.”

Mo gbà nígbà náà pé kò ní pẹ́. Mo rò pé Plateau kò lè wà láìsí èmi. Mo gbé ẹ̀rọ mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé alámọ̀ tí wọ́n fún wa, mo gbé dígí kọ́ sára ògiri, mo jókòó, mo ń retí àwọn obìnrin tí yóò gun alùpùpù wá pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Adìyẹ nìkan ló wá. Àkùkọ kan rí ara rẹ̀ nínú dígí, ó sì ń bá a jà ní àràárọ̀ títí mo fi yí dígí náà kọjú sí ògiri. Bàtà gíga mi wọ inú ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo sì rí fà yọ. Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ roko láàárín ebè, mo fa gbogbo ohun tó hù níbẹ̀ tu mọ́ koríko, mo sì dúró, mo ń yangàn pé mo yára. Obìnrin aládùúgbò wa wá wò ó, ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Ìyàwó, o mà ti fa iṣu ọkọ rẹ tu tán!” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín ká ní inú mi dùn sí ohunkóhun nígbà náà.

Ìbínú ló kọ́ mi níṣẹ́ oko. Ó yẹ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn ọmọ mi fẹ́ràn láti máa sọ pé ìyá àwọn nífẹ̀ẹ́ ilẹ̀. Mi ò nífẹ̀ẹ́ ilẹ̀ kankan. Bí mo bá gbé ọkọ́ sókè, ojú Ìyá ni mo ń rí nílẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ń sọ ọ́ sí. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi pé ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n ní wọn ò rí obìnrin ìlú tó ń ṣiṣẹ́ báyìí rí. Ebè tí mo tún kọ dára ju ti ọkọ mi lọ. Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ebè, mo fọwọ́ wa ọ̀kan wò, mo sì rí i pé iṣu ti ta.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti sọ sí mi nínú. Nílé ọkọ mi, bí iṣu tuntun bá dé, ọmọ ilé kankan kò gbọdọ̀ fi kan ẹnu títí àkọ́bí á fi gbé díẹ̀ sí ojú oórì bàbá wọn nínú ìloro, kó sì tọ́ ọ wò. Iṣu ọjà kò jẹ́ níbẹ̀. Iṣu ilẹ̀ Ofè ni, orí ìyàwó ilé ló sì gbọ́dọ̀ fi wọlé. Bí ọkùnrin bá rù ú wá, tàbí tí wọ́n fi rán awakọ̀, oúnjẹ lásán ni. Ìyàwó ìbátan wọn yẹn ló ń rù ú lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyàwó tó kù wà ní Kútọnu, wọn ò mọ ọ̀nà oko. Ìyá kì í pa Máàsì ọjọ́ Ìsinmi jẹ, ṣùgbọ́n kò sí àlùfáà tó lè bá a sọ̀rọ̀ iṣu yẹn kó gbà. Ó wá ku èmi nìkan. Èèwọ̀ náà sì rèé, ọmọ ilé ló mú. Ìyá fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé èmi kì í ṣe ọmọ ilé.

Mo wa iṣu tó tóbi jù. Mo sè é, mo gún un, mo se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ki, mo gbé e síwájú ilé, mo jókòó ti ọkọ mi tó ń po gààrì sínú omi. Ó wo iyán náà, ó wò mí.

Ó ní, “Ìgbà wo lo máa ru tilé lọ?”

“Kò tíì ta.”

“Kí wá ni ò ń jẹ yẹn?”

“Tèmi ló ta. Ti ọmọ ilé ni kò tíì ta.”

Ó mu gààrì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, “Èmi wo ni mo ṣẹ̀ ọ́?” Mo ní ẹ ò ṣẹ̀ mí, ẹ kàn gba ohun tí ẹ̀gbọ́n yín sọ lọ́jọ́ yẹn ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ máa gbà bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń jẹun lójú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kò jí jẹ rí, mo bu ọlá fún un nítorí ìyẹn. Kò sì dín adùn iyán mi kù.

Ní Plateau, odó ti ń dún nílé gbogbo. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo fi ọkàn gbọ́ ọ. Mo ń wo Ìyá tó jókòó sí ìloro, tí òórùn iyán àwọn aládùúgbò ń wọlé bá a, tí àwọn àlejò ń bi í pé ẹ̀yin náà ò tíì jẹ. Ó kọ́kọ́ rán ọmọkùnrin tó ń fi sẹmijan, alùpùpù akérò, ná ọ̀nà wa. Ọmọkùnrin náà ní, “Tantí, Ìyá ní ṣé iṣu ò tíì ta ni?” Ẹ̀gúsí ṣì wà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ní kò tíì ta. Ó tún rán an, mo tún fún un lésì kan náà. Inú mi ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń kọrin ìjọ.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń gún iyán, sẹmijan kan dúró, Ìyá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Eruku pupa ti bo gèlè rẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń wo inú odó. Mo kúnlẹ̀ kí i bó ṣe yẹ, mo gbé àpótí fún un, mo fún un lómi. Mo padà sídìí odó, mo sì ń gún un lọ.

Ó ní, “Ìyàwó, o mọ ohun tí mo bá wá.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n, Ìyá. Ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́.”

Ọkọ mi ti jáde síta, ó tún ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyá ní, “Mo wá bẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, ru iṣu wálé.” Ó tún fi kún un, láìjẹ́ pé mo bi í, pé ọmọ òun ti padà sí Kútọnu, Ṣábẹ̀ kò gbà á. Ó ní ṣọ́ọ̀bù náà ṣófo, kí n máa kó ẹrù mi bọ̀.

Ohun tí mo ti ń retí ni, ó sì dé sí mi lọ́wọ́ lódindi. Ọkọ mi gbé ojú sókè. Ó rò pé a ti ń lọ sílé. Mo ní, “Iṣu, mo máa rù ú. Ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kó ṣófo. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé oko, oko ni mo wà.” Mo fẹ́ kó máa kọjá níwájú ilẹ̀kùn tó tì yẹn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Mo gbé iṣu sínú ọpọ́n, mo jókòó sẹ́yìn Ìyá lórí sẹmijan kan ṣoṣo náà, mo fọwọ́ kan di ọpọ́n mú lórí títí a fi wọ ìlú. Mo ru iṣu wọlé. Wọ́n ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe, gbogbo wọn jẹun, wọ́n pè mí wá jẹ. Mo ní mo ti jẹ tèmi tipẹ́.

Láti ọdún yẹn ni mo ti ń pẹ́ kí n tó rù ú lọ. Kì í ṣe pípẹ́ tí wọ́n á fi wá bá mi mọ́, èyí tó máa fi dùn wọ́n díẹ̀ ni. Mo bí àwọn ọmọ mi sí Ofè, mo ń ránṣọ fún àwọn ará ibẹ̀ bí iṣẹ́ oko bá dín kù, ọkọ mi mọ ilé bíríkì fún wa. Mo lè sọ pé ayé mi dára. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ìdí tí mi ò fi padà sí ìlú, mo ní èsì kan tó dùn gbọ́ nípa afẹ́fẹ́ oko.

Àwọn ọdún tó kẹ́yìn yìí, orí Ìyá kò pé mọ́. Bí ọmọ rẹ̀ bá ti Kútọnu wá kí i, orúkọ ìyá tó bí Ìyá ló fi ń pè é. Nígbà tí mo ru iṣu wọlé nígbà kan báyìí, ó ń wo ọpọ́n, ó ń wò mí, ó ní ọmọ ta ni mí. Mo ní ìyàwó àbúrò yín ni, láti Ofè. Ó fọwọ́ gbá àyà.

“Ofè? Inú igbó? Obìnrin tó rí báyìí? Ta ló ní kí o lọ máa gbé ibẹ̀?” Ó ń gbìyànjú láti dìde. “Fi ẹni náà hàn mí. Mo máa bá a jà fún ọ.”

Inú bí mi lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó lé mi lọ. Ó ti gbàgbé ìjà wa, ó ti bọ́ nínú rẹ̀, ó ti fi í sílẹ̀ fún èmi nìkan láti máa rù. Nígbà tí wọ́n gún iyán tán, mo bu díẹ̀, mo fi sí i lẹ́nu, mo ní ẹ jẹun, Ìyá, ó ti ń tutù.

Ní báyìí, bí iṣu bá ti ta ni mo ń rù ú lọ, mo sì tún ń lọ wo Ìyá láàárín ọdún. Mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ní nígbà mìíràn, orí rẹ̀ máa ń pé fún ìwọ̀nba àkókò, tí á mọ gbogbo ènìyàn, tí á sì rántí ohun gbogbo. Mo fẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tó bá ṣẹlẹ̀, kí n wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí n bi í léèrè ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn ará Plateau ń gbàdúrà fún mi bí mo bá ń kọjá. Wọ́n ní ìyàwó tó ń tọ́jú ará ilé ọkọ tó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mo sì ń sọ fún wọn pé àmín.