Ojú Dídán Akínọlá Alágbàtà Ilẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra ilẹ̀ rí lágbègbè Mowe, ẹ ó mọ irú ènìyàn tí Akínọlá jẹ́: ọmọ Ìkirè tó yá yàrá kan ní Lotto, tó ń mú àwọn ará Èkó lọ wo pulọ́ọ̀tì nínú igbó lẹ́yìn Asese. Ọdún mẹ́fà ni oòrùn fi dáná sí i lójú. Iwájú orí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, imú rẹ̀ sì ń bó. Nígbà tí kò wá rí ilẹ̀ kankan tà mọ́, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní oṣù méjì péré: bí kò bá ta pulọ́ọ̀tì kan, kí ó máa padà sí Ìkirè.

Akínọlá ronú títí, ó sì rí ọ̀daràn mú: ojú rẹ̀ ni. Ṣebí àwọn àgbà ló ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀? Kò rántí pé àwọn òǹrajà ń pè é tí kì í gbé fóònù. Ọ̀dọ̀ Delight, ọmọbìnrin tó ń ta ìpara lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-epo, ló kọrí sí.

"Bùọ̀dá Akin, antioxidant ni skin yín ń wá," ni Delight wí.

Ọ̀rọ̀ náà gùn, ṣùgbọ́n àlàyé rẹ̀ kò le. Ó ní oòrùn àti èéfín ọkọ̀ ń jẹ awọ ara bí ìgbà tí irin ń dípẹtà, àti pé ohun tó ń bá a jà wà nínú ọsàn, kárọ́ọ̀tì, tòmátì àti ẹ̀fọ́. Ó ta ìgò kékeré kan fún un, fítámì C ló wà nínú rẹ̀, ó ní kí ó máa fi pa ojú láràárọ̀, kí ó má sì retí iṣẹ́ ìyanu. "Ẹ máa jẹ èso yẹn o. Ẹ sì máa dé fìlà tẹ́ ẹ bá ń jáde sóòrùn."

Ká sọ tòótọ́, Delight kò purọ́ fún un. Fìlà ló ní kí ó dé. Akínọlá ní tiẹ̀ gbọ́ pé kí òun má jáde mọ́. Ẹni tó máa ń yí gbogbo ilẹ̀ po ní Sátidé, kí ẹlòmíì má baà gbà á, wá jókòó sábẹ́ fáànù, ó ń jẹ kárọ́ọ̀tì bí ehoro. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ẹ jẹ́ kí n má purọ́, ojú náà dán. Kò sí gíláàsì ọkọ̀ tí kò dúró wo ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù méjì pé ni Màmá Ògúnkànmí dé láti Èkó. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń wá ibi tí yóò kọ́lé ọjọ́ ogbó sí. Akínọlá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì na fóònù sí i pé kí ó wo fọ́tò ilẹ̀ tí òun fẹ́ tà fún un.

"Ṣé inú fóònù ni mo ti fẹ́ máa gbé ni?" ni màmá bi í.

Ọ̀kadà gbé wọn débẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Akínọlá ṣí agboòrùn, orí ara rẹ̀ nìkan ló sì fi bò. Ó dúró sábẹ́ igi kajú, ó nawọ́: "Ọ̀hún nìyẹn, mà." Inú oòrùn ni màmá kọrí sí, Akínọlá sì sáré tẹ̀ lé e.

Ògiri búlọ́ọ̀kù ni wọ́n bá lórí ilẹ̀ náà, ó ti ga dé ojú fèrèsé. Bíríkìlà kan ń po sìmẹ́ǹtì níbẹ̀.

"Ọ̀gá mi ti ra ibí yìí lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀," ló wí. "Ó ti lé lóṣù kan tá a ti ń ṣiṣẹ́. A ò rí ẹni tó wá bi wá."

Akínọlá mọ̀ pé Ìkirè ti dé. Òógùn ń ṣàn, ó ń gbé ìpara lọ sí i lójú, ó sì ń ta á.

Màmá kò pariwo. Ó wò ó títí, bí ẹni ń wo ọmọ tó féèlì ìdánwò, kó tó gun ọ̀kadà padà.

"Ojú rẹ mà dán o, ọmọ mi," ló wí. "Ta ló wá ń bá ọ ṣọ́ ilẹ̀?"