Nu Ọwọ́ Rẹ

Títí dòní, kí n tó gbé fóònù mi, mo máa ń kọ́kọ́ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. Bàbá onílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá ló fi ìgbátí kọ́ mi.

Àwo orin ló kún pálọ̀ wọn. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan láìnu ọwọ́, wọ́n á fọ́ ọ létí, ìbáà jẹ́ àlejò. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ayálégbé kan ń gbọ́ orin tó daolóòdù sórí fóònù, wọ́n á fẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀. "Orin inú fóònù ti kú! Ẹ má gbé òkú wọ ilé mi!"

Àwo tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti àbúrò wọn tó jẹ́ olórin, tó ti kú. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin wọn rí orin náà lórí ayélujára, ó daolóòdù ẹ̀, ó sáré gbé e lọ bá wọn. Wọ́n já fóònù gbà, wọ́n fi ọmọ ọlọ rún un wómúwómú.

"Ṣé àwo nìkan lẹ mọ̀ ni?" Ọmọ náà fa àwo ọ̀hún yọ, ó là á mọ́ wọn lórí. Àwo kán sí méjì, ẹ̀jẹ̀ bo ojú wọn.

Wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi, jẹ́jẹ́.

"Bá mi daolóòdù orin àbúrò mi, jàre."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé fóònù mi sétí, wọ́n ń sunkún, ẹ̀jẹ̀ ń kán sí i lára. Nígbà tí orin parí, mo nawọ́ láti gbà á.

Gbóà! Wọ́n fọ́ mi létí.

"Nu ọwọ́ rẹ!"